Greta Bridge: Àwòrán Ọ̀dà Olómi láti Ọwọ́ John Sell Cotman

Greta Bridge ni orúkọ àwòrán kékeré kan tí John Sell Cotman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ọ̀dà olómi yà sórí bébà ní nǹkan bí ọdún 1805. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Afárá òkúta kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, pẹ̀lú ilé lẹ́bàá rẹ̀, igi tí ó ṣú lẹ́yìn rẹ̀, àti òfuurufú aláwọ̀sánmà lókè. Níwájú gbogbo wọn ni odò tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín àwọn àpáta. Kò sí ogun nínú rẹ̀, kò sí ọba, kò sì sí ìtàn kan tí a lè tọ́ka sí pé òun ni ayàwòrán náà ń sọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á mọ́ àwọn iṣẹ́ ọ̀dà olómi tí ó dára jù lọ tí a tíì yà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbú àwòrán náà tó sẹ̀ǹtímítà 33, gíga rẹ̀ sì tó sẹ̀ǹtímítà 23, èyí tí ó fi díẹ̀ tóbi ju ojú bébà ìkọ̀wé kan lọ. Ó wà ní British Museum ní ìlú London. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń fi ọ̀dà olómi ya àpáta àti omi tí kò rú yóò rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ nínú rẹ̀, nítorí pé ohun méjèèjì ta ko ara wọn: ọ̀kan le, ọ̀kan rọ̀, ọ̀kan dúró gbọn-in, ọ̀kan kò ní ìrísí tirẹ̀ bí kò ṣe èyí tí ó bá yá lọ́wọ́ ohun tí ó yí i ká. Ọ̀nà kan náà ni Cotman sì gbà ya méjèèjì.

Odò Greta àti afárá rẹ̀

Greta jẹ́ odò kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àárín igbó àti àpáta ni ó ń gbà kọjá kí ó tó dà sínú odò Tees. Nígbà ayé Cotman, Yorkshire ni wọ́n ka àgbègbè náà mọ́. Láti ọdún 1974 ni ó ti bọ́ sábẹ́ County Durham. John Carr, ayàwòrán-ilé ará ìlú York, ni ó ṣètò afárá náà, ọdún 1773 ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ojú kan ṣoṣo ni ó ní, tí ó fò láti èbúté kan dé ìkejì láìsí òpó kankan nínú omi. Títì ńlá tí àwọn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gbà ni ó gba orí rẹ̀ kọjá, ìdí nìyí tí ilé ìgbàlejò fi wà lẹ́bàá rẹ̀.

Irú odò báyìí kì í ní ìwà kan náà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Bí òjò bá rọ̀ sórí àwọn òkè, omi a máa ru gùdù, a sì máa yí òkúta gbirigbiri. Ṣùgbọ́n nígbà ooru, nǹkan bí oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún, omi a fà, orí àwọn àpáta a yọ, omi tí ó kù láàárín wọn a sì dúró bí èyí tí a bù sínú àwo. Ìgbà yìí gan-an ni Cotman dé ibẹ̀. Omi tí ó yà kì í ṣe adágún. Odò tí agbára rẹ̀ sinmi fún ìgbà díẹ̀ ni, àwọn àpáta tí ó fọ́nká níwájú àwòrán náà sì ń jẹ́rìí sí ohun tí agbára náà lè ṣe ní ìgbà mìíràn.

Ẹni tí ó yà á

Ìlú Norwich ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Cotman ní ọjọ́ 16, oṣù karùn-ún, ọdún 1782. Ní ọdún 1798 ó lọ sí London láti wá ọ̀nà ìyàwòrán. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán pàdé ní ilé Dókítà Thomas Monro, ẹni tí ó máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ láàyè láti wo àwòrán tí ó kó jọ, kí wọ́n sì dà wọ́n kọ. Iṣẹ́ Thomas Girtin, tí ó kú ní ọdún 1802 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 27, wà lára ohun tí ó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ jù lọ. Ní ọdún 1800, tí Cotman kò tíì ju ọmọ ọdún 18 lọ, ó ti ń fi iṣẹ́ hàn ní Royal Academy.

Láti ọdún 1803 títí di 1805 ni ó ń lọ sí Yorkshire lọ́dọọdún nígbà ooru. Ìdílé Cholmeley ní Brandsby Hall gbà á sílé bí ọmọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìyàwòrán. Nípasẹ̀ wọn ni ó fi di àlejò ìdílé Morritt ní Rokeby ní ọdún 1805. Inú ilẹ̀ Rokeby ni odò Greta ti ń ṣàn. Nínú lẹ́tà kan tí ó kọ ní ìparí ọdún náà, ó sọ pé kíkun àwọ̀ ní ojúkojú pẹ̀lú ohun tí òun ń wò ni olórí ẹ̀kọ́ òun nígbà ooru náà. Àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá etí odò ni ó ti parí Greta Bridge tàbí inú ilé lẹ́yìn tí ó padà dé. Ohun tí ó dájú ni pé àwòrán náà kò ní wàdùwàdù ẹni tí ó ń sáré kí òjò tó dé. Gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a ti rò dáadáa kí a tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan bébà.

Ohun èlò ọ̀dà olómi

Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀dà olómi: lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná, gọ́ọ̀mù, àti omi. Omi ni ó ń gbé àwọ̀ rìn lórí bébà. Nígbà tí omi bá gbẹ, gọ́ọ̀mù ni ó ń so àwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀mù yìí kò ṣàjèjì sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Oje igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, tí àwọn Hausa ń pè ní dakwara. Ó ń hù ní àgbègbè gbígbẹ tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal títí dé Sudan, ó sì wà ní àríwá Nàìjíríà, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Yobe, Borno àti Jigawa. Bí a bá ṣá èèpo igi náà lọ́gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oje a sun jáde, a sì gan bí òkúta wẹ́wẹ́ tí ó ń dán. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú Saint-Louis ní ẹnu odò Senegal jẹ́ ọjà ńlá fún gọ́ọ̀mù, òwò náà sì wà lára ìdí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Faransé ní ọdún 1758. Àwọn tí ń tẹ àwòrán sára aṣọ ni wọ́n ń lò ó jù. Ìwọ̀nba kékeré ni àwọn tí ń ṣe ọ̀dà ń mú nínú rẹ̀.

Ohun méjì kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bí Cotman tàbí nígbà tí ó ṣì wà ní jòjòló, tí ó mú kí irú iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé ṣe. Èkíní ni bébà. Láti nǹkan bí ọdún 1757, ilé iṣẹ́ James Whatman ní Kent ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bébà tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, tí kò ní ilà wáyà. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń rì í sínú omi tí wọ́n sè láti ara awọ àti egungun ẹran, kí ó má baà fa ọ̀dà mu kíákíá. Lórí irú bébà bẹ́ẹ̀, ọ̀dà a dúró díẹ̀ lókè kí ó tó gbẹ, ayàwòrán a sì rí àyè tọ́ ọ sọ́nà. Èkejì ni ọ̀dà gan-an. Ní nǹkan bí ọdún 1780, William àti Thomas Reeves, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ní London, bẹ̀rẹ̀ sí ta ọ̀dà olómi tí a mọ bí ègé ọṣẹ kékeré. Ayàwòrán kò ní láti jókòó lọ àwọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́. Ó lè kó ègé ọ̀dà sínú àpótí, kí ó sì gba etí odò lọ.

Ìmọ́lẹ̀ tí a kò lè fi kún un

Ìyàtọ̀ tí ó tóbi jù láàárín ọ̀dà olómi àti ọ̀dà olóróró wà ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ń lo ọ̀dà olóróró lè fi funfun lé orí dúdú nígbàkígbà tí ó bá fẹ́. Ọ̀dà olómi ní ti tirẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba inú dígí, tí ó kan bébà funfun tí ó wà nísàlẹ̀, tí ó sì tún gba inú ọ̀dà náà padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. Bébà fúnra rẹ̀ ni fìtílà àwòrán náà. Gbogbo ìgbà tí ayàwòrán bá fi ọ̀dà kàn án ni ó ń dín iná fìtílà náà kù, kò sì sí bí ó ṣe lè tún un tàn dáadáa lẹ́yìn náà. Òtítọ́ ni pé ó lè fi kànìnkànìn nu ọ̀dà díẹ̀ kúrò, tàbí kí ó fi ọ̀bẹ há a, ṣùgbọ́n ojú àpá kò ní jọ ojú ara.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya àpáta tí oòrùn ràn sí kì í ya oòrùn náà. Ohun tí kò ní ìmọ́lẹ̀ ni ó ń yà yí i ká, tí ó sì ń dá ojú bébà sí. Ó gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò dá sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀dà olómi mu pátápátá.

Ọ̀nà tí àwọn tí ó ṣáájú Cotman ń gbà ṣe é ni pé wọn a kọ́kọ́ fi ilà ya gbogbo nǹkan, wọn a fi àwọ̀ eérú ṣe ibòji, lẹ́yìn náà ni wọn a wá fi àwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó máa ń dàbí ìwé tí a fi àwọ̀ kùn. Girtin àti J. M. W. Turner wà lára àwọn tí ó fi ọ̀nà náà sílẹ̀, tí wọ́n ń fi àwọ̀ gan-an kọ́ ìrísí nǹkan. Cotman tún wá gbé e síwájú sí i. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni ìtẹ́ ọ̀dà: ọ̀dà tí a pò mọ́ omi púpọ̀, tí a sì tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí àyè kan, tí a kò padà sórí rẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

Títẹ́ ọ̀dà bẹ́ẹ̀ gba ọwọ́ jẹ́jẹ́. A ó gbé pátákó bébà dagun díẹ̀. A ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí ó kún fún ọ̀dà fa ilà kan láti òsì dé ọ̀tún ní òkè. Ọ̀dà a sọ̀kalẹ̀ jọ sí ìsàlẹ̀ ilà náà bí ìlẹ̀kẹ̀ omi gígùn kan. Ilà kejì ni yóò mú ìlẹ̀kẹ̀ náà sọ̀kalẹ̀, ìkẹta a tún mú un lọ, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin àyè náà. Bí a bá dúró láàárín, etí ọ̀dà a gbẹ, yóò sì fi ilà dúdú kan sílẹ̀, nítorí pé omi tí ń gbẹ máa ń kó lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ lọ sí etí. Ojú ọjọ́ pẹ̀lú ń kó ipa tirẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ní ilẹ̀ wa, ọ̀dà lè gbẹ kí ọwọ́ tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà òjò, ó lè pẹ́ kí a tó lè tẹ́ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí àpáta ṣe di àpáta

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fẹ́ ya àpáta sábà máa ń sáré bá ilà àti àmì tótòtó: yóò ya gbogbo sísán, gbogbo ewéko tín-ín-rín, gbogbo ihò. Àpáta náà a wá rọ̀ bí kànìnkànìn. Ohun tí ojú fi ń mọ̀ pé nǹkan kan le ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pín sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan wà lágbedeméjì, ọ̀kan kẹ̀yìn sí i. Bí ààlà àwọn ẹ̀gbẹ́ náà bá mú ṣáṣá, ojú yóò gbà pé òkúta ni.

Bẹ́ẹ̀ ni Cotman ṣe nínú Greta Bridge. Ojú bébà tàbí ọ̀dà tí ó fẹ́lẹ́ jù lọ ni orí àpáta tí ìmọ́lẹ̀ bà. Ìtẹ́ kan tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́. Ìtẹ́ mìíràn tí ó tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ ni ibi tí àpáta àti omi ti pàdé. Kò fi ilà yí wọn ká. Níbi tí ìtẹ́ kan parí sí ni òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, ààlà méjèèjì ni ó sì di ìrísí àpáta. Àwọ̀ tí ó lò kò pọ̀: àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ewé tí ó ṣú, àti àwọ̀ òfuurufú. Bí ó ṣe ya àpáta náà ni ó ṣe ya igi. Kò ka ewé. Ó fi igi ṣe ìdì ńlá tí ó ṣókùnkùn, tí etí rẹ̀ sì dá yàtọ̀ lójú òfuurufú.

Omi tí kò rú

Omi tí ó dákẹ́ kò ní àwọ̀ púpọ̀ tirẹ̀. Dígí ni, ó sì ní òfin mẹ́rin tí ayàwòrán kò gbọdọ̀ rú bí ó bá fẹ́ kí a gbà á gbọ́.

Òfin kìíní ni pé òjìji nǹkan máa ń wà ní ìsàlẹ̀ nǹkan náà gan-an ní ọ̀gbọọrọ. Kì í yẹ̀ sí ọ̀tún tàbí òsì, níbikíbi tí oòrùn ìbáà wà. Ibòji ni ó ń tẹ̀ lé oòrùn. Òjìji inú omi kì í tẹ̀ lé e.

Òfin kejì ni pé òjìji kì í ṣe àwòrán kan náà tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ojú omi ń wo nǹkan láti ìsàlẹ̀. Bí ẹni tí ó dúró sí etí odò bá ń wo afárá, òjìji yóò fi ìsàlẹ̀ ojú afárá hàn án ju bí ó ti rí i pẹ̀lú ojú lásán lọ.

Òfin kẹta ni pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn máa ń dínkù nínú omi. Ohun tí ó funfun lókè a ṣú díẹ̀ nínú òjìji. Ohun tí ó dúdú a sì fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, pàápàá bí ẹrẹ̀ tàbí ewé rírà bá ti pa omi náà láró.

Òfin kẹrin ni pé bí omi ṣe ń súnmọ́ ẹsẹ̀ wa ni òjìji ń dínkù, tí a sì ń rí inú omi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe ń jìnnà sí wa ni ó ń di dígí. Nítorí náà ni omi odò kan náà fi lè ní àwọ̀ ilẹ̀ nítòsí, kí ó sì ní àwọ̀ òfuurufú ní ọ̀ọ́kán.

Cotman kò kọ àwọn òfin wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n odò inú àwòrán rẹ̀ kò lòdì sí wọn. Ìtẹ́ ọ̀dà díẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ó fi ya omi náà. Kò fa ilà wẹ́wẹ́ láti fi ìgbì hàn. Àwọn àpáta tí ó yọ orí ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ojú omi wà. Bí a bá fi ọwọ́ bo àwọn àpáta náà mọ́lẹ̀, ohun tí ó kù lè jẹ́ ilẹ̀ lásán. Ìdákẹ́jẹ́ omi náà kò sí nínú omi nìkan, nítorí náà. Líle àpáta ni ó jẹ́ kí rírọ̀ omi hàn, títẹ́jú omi ni ó sì jẹ́ kí àpáta wúwo.

Afárá ni ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó nà gbọọrọ gba àárín àwòrán náà kọjá, ó mọ́lẹ̀ níwájú igi tí ó ṣú, ojú rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun sì ni ohun kan ṣoṣo tí ó yípo dáadáa láàárín ohun tí ó tẹ́jú àti ohun tí ó rí págunpàgun. Ojú wa a gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìn, a sì tún bá omi padà wá síwájú.

Ìgbà tí kò tètè mọ̀ ọ́n

Ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ yìí lónìí lè rò pé ọ̀nà ti là fún ẹni tí ó yà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ní ọdún 1804 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Ayàwòrán Ọlọ́dà Olómi sílẹ̀ ní London, wọ́n sì ṣe ìpàtẹ wọn àkọ́kọ́ ní ọdún 1805. Cotman fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1806, ṣùgbọ́n wọn kò yàn án. Kí ọdún náà tó parí, ó ti kó ẹrù padà sí Norwich. Àwọn tí ń ra àwòrán nígbà náà ń fẹ́ iṣẹ́ tí ó kún, tí a ṣe ní fínnífínní, tí owó tí wọ́n san yóò hàn lójú rẹ̀. Àyè bébà tí a dá sí lè dàbí iṣẹ́ tí a kò parí lójú irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó bọ́ ọ láti ìgbà náà. Ní ọdún 1809 ó dá ètò kan sílẹ̀ ní Norwich tí ó dàbí ilé ìkàwé: ẹni tí ó bá san owó lè yá àwòrán rẹ̀ lọ sílé láti dà á kọ, kí ó sì dá a padà. Ó di ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́-ọnà Norwich ní ọdún 1811. Ní ọdún 1812 ó kó lọ sí Great Yarmouth, níbi tí Dawson Turner, ọlọ́rọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ báńkì, tí ó sì fẹ́ràn ìmọ̀ ohun àtijọ́, gbà á láti máa kọ́ àwọn ará ilé rẹ̀, kí ó sì máa ya àwọn ilé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi gbẹ́ àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àtijọ́ sórí bàbà. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí àwọn ilé àtijọ́ Normandy jáde ní ọdún 1822. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó le máa ń bá a fínra, àìrówó sì máa ń dá kún un. Ní ọdún 1834, King's College ní London gbà á ṣe olùkọ́ ìyàwòrán. Dante Gabriel Rossetti, tí ó di olókìkí ayàwòrán àti akéwì lẹ́yìn náà, wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́ níbẹ̀. Kí ó tó lọ, wọ́n ta ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ. Ó kú ní London ní ọjọ́ 24, oṣù keje, ọdún 1842.

Síbẹ̀, kò gbàgbé odò Greta. Ní ọdún 1810, tí ó ti wà ní Norwich, ó tún ya afárá kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ní ìwọ̀n tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ. Èyí wà ní Norwich Castle Museum. Ẹni tí ó bá fi méjèèjì wé ara wọn yóò rí i pé ayàwòrán náà mọ ohun tí ó ti rí gbà ní etí odò náà.

Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí là sí i. James Reeve, tí ó jẹ́ alábòójútó ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Norwich, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ìlú náà jọ. Laurence Binyon, òṣìṣẹ́ British Museum, kọ̀wé lórí Cotman ní ọdún 1897. Ní ọdún 1902, ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé náà ra ohun tí Reeve kó jọ, Greta Bridge sì wà nínú rẹ̀. Nígbà náà, ó ti tó ọgọ́ta ọdún tí Cotman ti kú. Àwọn ènìyàn ọ̀rúndún ogún, tí ojú wọn ti mọ àwòrán tí a fi àyè títẹ́jú kọ́, ni wọ́n wá rí i pé àyè tí ó dá sí kì í ṣe àìparí iṣẹ́.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ohun tí ó fún ọ̀dà olómi ní ẹwà náà ni ó ń pa á. Ọ̀dà náà fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tètè ń bà á jẹ́. Aró tí a ń rí láti ara ẹ̀lú, tí àwọn ayàwòrán ìgbà náà máa ń lò fún òfuurufú, wà lára àwọn àwọ̀ tí ó tètè ń ṣá. Ohun kan náà tí ó ń pa aṣọ láró ní Abẹ́òkúta ati Òṣogbo ni, ẹni tí ó bá sì ti sá àdìrẹ sí oòrùn fún ìgbà pípẹ́ mọ bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ àwòrán ọlọ́dà olómi tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri fún ọgọ́rùn-ún ọdún ni òfuurufú rẹ̀ ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bébà pẹ̀lú lè pọ́n, kí ìmọ́lẹ̀ tí ayàwòrán dá sí sì bá a lọ.

Nítorí ìdí yìí, àwọn ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé kì í fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kọ́ títí lọ. Inú àpótí, níbi tí ó ṣókùnkùn, ni Greta Bridge ń gbé lọ́pọ̀ ìgbà, ní ẹ̀ka British Museum tí ń tọ́jú àwòrán orí bébà. A máa ń gbé e jáde fún ìpàtẹ fún ìgbà díẹ̀, lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, a ó sì dá a padà sínú òkùnkùn, kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá omi náà ní bí ó ti dákẹ́ sí.